Kí Ọlọ́pàá Bọ́ Sáàárín Kí Òkò Tó Bẹ̀rẹ̀ sí Fò

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mo fojú ara mi rí ní Lágere, nílùú Ilé-Ifẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ méjì tí ohùn wọn kò dọ́gba jáde fún ìwọ́de. Àwọn kan ń ti ọ̀nà Mayfair bọ̀, àwọn kejì ń ti Ẹnuwá bọ̀, ọkọ̀ ọlọ́pàá kan sì wà lẹ́bàá ilé epo, tí àwọn inú rẹ̀ ń wò wọ́n. Wọn kò mira títí òkò fi bẹ̀rẹ̀ sí fò. Ìgbà tí wọ́n máa dìde, tajútajú ni wọ́n yìn, ìyá oníbúrẹ́dì tí kò bá ẹnikẹ́ni jà ni ó sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Àwọn kan ní kí ìjọba kúkú fòfin de ìwọ́de. Èmi kò fara mọ́ ọn. Abala 40 ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti péjọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 náà sọ, ní abala 83, pé bí ẹnikẹ́ni bá ti fi ìwọ́de tó ọlọ́pàá létí, ọ̀gá tí àgbègbè náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jáde láti dáàbò bò ó. Kò sí "bó bá wù ú" níbẹ̀.

Ohun tí mo rò pé ààbò yẹn túmọ̀ sí ni pé kí ọ̀gá tésàn ti pe àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ méjèèjì jókòó ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó fún ọ̀kan ní òwúrọ̀, kí ó fún èkejì ní ọ̀sán. Bí wọn kò bá sì gbà, kí ó la ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún wọn, kí àwọn ọlọ́pàá tò sáàárín, kí wọ́n sì mú ẹni tó bá sọ òkò, ẹgbẹ́ yòówù kó ti wá, láì sọ gbogbo èrò di ọ̀daràn. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wọn: ẹni tó bá ti lọ sí ọdún Ọlọ́jọ́ rí mọ̀ pé wọ́n mọ èrò darí nígbà tó bá wù wọ́n.

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ẹ̀mí bọ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn APC àti PDP kọlu ara wọn lórí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Àwa tí a sì gbé Ifẹ̀ nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, láàárín ọdún 1997 sí 2000, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa bí ìjà ìgboro ṣe ń pẹ́ kó tó tán.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi bi àwọn tó ń ṣàkóso ọlọ́pàá léèrè: lọ́jọ́ tí ìwọ́de méjì bá fẹ́ pàdé, ta ni ó ń pàṣẹ pé kí ọkọ̀ kúrò lẹ́bàá ilé epo?

Olùkọ́ àfẹ̀yìntì,
Lágere, Ilé-Ifẹ̀.