Orúkọ Ọ̀dà Tí O Béèrè

Kúbwà, Àbújá
Oṣù Kejì

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Kú òtútù o. Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà dáadáa níbí, ọyẹ́ ló kù tí kò tíì fẹ́ lọ.

Mo rí ohun tí o kọ sábẹ́ fọ́tò pálọ̀ wa: "Àṣàkẹ́, orúkọ ọ̀dà yìí ni mo fẹ́, kíá, akunlé ti fẹ́ dé." Ẹ̀rín pa mí. N kò ní fi orúkọ kankan ránṣẹ́, ahun kọ́ ló sì ń ṣe mí. Tí mo bá fi ránṣẹ́, tí o rí i rà ní Manchester níbẹ̀, tí o sì fi kun ilé tán, ìwọ náà lo máa pè mí láàárín òru pé irú èwo rèé.

Oòrùn Àbújá ló pọ̀ nínú ohun tí o rí yẹn. Búlúù eléérú, funfun ló kún inú rẹ̀. Wọ́n kàn kán búlúù àti dúdú díẹ̀ sí i ni. Àwọ̀ tí kò nípọn báyẹn, ìmọ́lẹ̀ tó bá bá a nínú yàrá ló ń darí rẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn ni fèrèsé pálọ̀ wa kọjú sí. Bó bá ti di ọ̀sán tó rọ̀, oòrùn á wọlé tààrà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa pọ́n díẹ̀díẹ̀, òtútù tó wà nínú búlúù yẹn á sì kúrò níbẹ̀.

Tìrẹ ńkọ́? Ìwọ lo sọ fún mi pé àríwá ni fèrèsé pálọ̀ yín kọjú sí. Lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá jálẹ̀ ọdún. Ìmọ́lẹ̀ sánmà ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọ irú yàrá yẹn, sánmà sì rèé, òun náà ti mú búlúù tirẹ̀ wá. Bí o bá wá kun búlúù síbẹ̀, ẹ ó máa wọ súwẹ́tà jókòó sí pálọ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀. Láti bí àárín oṣù Kẹrin títí dé ìparí oṣù Kẹjọ, oòrùn ọ̀sán máa ń tẹ̀ sí àríwá lórí wa níbí. Bó bá yá, á padà sí gúúsù. Kò sí ògiri kan nílé yìí tí oòrùn kì í yà kí lọ́dún.

Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe rí àwọ̀ náà gan-an fún ọ. O rántí ẹtù Màmá mi, èyí tó ti ṣá tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn? Mo tọrọ ìborùn rẹ̀, mo ká a sínú báàgì, ó di ọjà Dei-Dei. Àlájì tó ń ta ọ̀dà gbà á lọ́wọ́ mi, kò wo ti ọ̀dà mọ́. Ó yí i síwá sẹ́yìn lójú oòrùn, ó fi èékánná ha á, ó ní aró gidi nìyí. Ọmọ Kano ni, ẹ̀yìn Kofar Mata ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, níbi tí kòtò aró wà, tí wọ́n ní wọ́n ti ń rẹ aṣọ níbẹ̀ láti ọdún 1498. Ẹ̀yìn ìtàn yẹn la tó dórí ọ̀dà.

Ọwọ́ ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi pò ó. Báàkẹ́ẹ̀tì funfun lítà 20, ó ń kán sítéénà, ìyẹn àwọ̀ olómi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, sí i, ó ń fi igi rò ó. Dúdú ló kọ́kọ́ kán sí i, mo sì ń wò ó pé kò tíì débi búlúù, àmọ́ ọ̀dà náà ti ń fà sí búlúù fúnra rẹ̀. Bí dúdú àti funfun ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá pàdé, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá fi búlúù sí i, ó fi ìborùn Màmá wé e, ó ní ó ti le jù. Búráùn bíńtín ló kán sí i tó fi rọlẹ̀. Ó fọ́n díẹ̀ sára páálí, ó gbé e sóòrùn kó gbẹ, torí bí ọ̀dà olómi bá gbẹ, ó máa ń dúdú ju bó ṣe wà nínú báàkẹ́ẹ̀tì lọ. Gbogbo báàkẹ́ẹ̀tì tí a rà la tún dà pọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù kan, nítorí ọwọ́ kì í po méjì kó rí bákan náà. Ìwọ tí ẹ̀rọ máa po tìrẹ, ra gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí o sì wò ó kí nọ́ńbà ara agolo bára mu.

Má fi ọ̀dà ìdánwò ra ògiri o. Àwọ̀ àtijọ́ tó yí i ká á máa tan ojú rẹ jẹ. Ra páálí funfun tó tóbi, kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí o máa gbé e kiri: ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn, ẹ̀yìn àga. Tí o bá gbé e lé bébà funfun, ohun tó fi pamọ́ sínú á yọ síta, bóyá àwọ̀ ewé ni tàbí àlùkò. Èyí tó bá ní àlùkò nínú, sá fún un, àga búráùn yín yẹn kò ní bá a gbé.

Ti gílóòbù ni ẹnikẹ́ni kì í rántí. Èyí tí gbogbo wa ń rà níbí ni funfun báláú, tí wọ́n kọ 6500K sára páálí rẹ̀; bí nọ́ńbà K yẹn bá ṣe ga tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fà sí búlúù tó. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbé páálí wálé, NEPA mú iná dé, páálí mi tó ti ń hùwà ọmọlúwàbí láti àárọ̀ wá di búlúù pátápátá. Bàbá Tòlú wò ó, wọ́n ní, "Ṣé a ó kọ́kọ́ gba káàdì kí dókítà tó rí wa?" Mo yọ gílóòbù yẹn, mo fi 3000K sí i, eléérú mi padà dé. Gílóòbù la pààrọ̀ nílé yìí, a kò fọwọ́ kan ọ̀dà.

Yàrá àwọn ọmọ, Tòlú ní píǹkì lòun fẹ́, ó sì rí i gbà. Kọ́rídọ̀ tí kò ní fèrèsé, funfun tó ní eérú díẹ̀ nínú ni mo lò. Àwọn kan ní kéèyàn kun ibi tó ṣókùnkùn ní dúdú sí i, èmi kò sí níbẹ̀. Ọyẹ́ ló mú kí n lo ọ̀dà tó ń dán díẹ̀, tó ṣe é nù, nítorí eruku tó ń gbé wá láti Sàhárà máa ń hàn lára búlúù ju bó ṣe ń hàn lára krímù lọ. Tìrẹ kò ní irú wàhálà yẹn, lo èyí tí kò dán, á bá ọ bo àléébù ògiri ilé àtijọ́ yẹn.

Fún pálọ̀ yín, eérú ni kí o wá, kí búlúù inú rẹ̀ kéré, kí ó sì fà sí búráùn díẹ̀. Bí nọ́ńbà LRV, ìyẹn bí àwọ̀ ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tó, bá wà lẹ́yìn káàdì àwọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà, 0 ni dúdú pátápátá, 100 ni funfun. Èmi kò ní jẹ́ kí ó wálẹ̀ ju 55 lọ nínú yàrá yẹn. Tí ọkàn rẹ bá wá kọ̀ jálẹ̀ pé tèmi gan-an lo fẹ́, yàrá yín tó kọjú sí gúúsù ni kí o kùn ún sí, ibẹ̀ ló máa sún mọ́ ohun tí o rí nínú fọ́tò.

Dá akunlé dúró ná. Ya páálí náà ní àárọ̀, ya á ní ọ̀sán, tan iná lálẹ́ kí o tún un yà, kí o fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pa pọ̀. Tí o bá fi ẹyọ kan ránṣẹ́, n kò ní dá ọ lóhùn. Bá mi kí Bàbá Ìbejì, sọ fún wọn pé Bàbá Tòlú ṣì ń retí bàtà wọn.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́