Omíyalé: Ẹ Kọ Orúkọ Ayálégbé Náà Sílẹ̀

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó máa ń pín ìrẹsì àti fóòmù ìbùsùn lẹ́yìn omíyalé ni mo ń kọ lẹ́tà yìí sí. Mo gba ọ̀dọ̀ yín kọjá torí mo mọ̀ pé wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yín.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mí níbí ní Òṣogbo. Púpọ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa ló ń tajà, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ládùúgbò tó sún mọ́ odò. Nígbà tí òjò kan rọ̀ mọ́jú tí odò kọjá àyè rẹ̀, a kà nínú ìròyìn pé kò sẹ́ni tó kú. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìròyìn náà parí sí.

Aránṣọ kan wà láàrin wa tí n kò ní dárúkọ. Omi wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé orókùn, ó sì fi ẹrẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì kó ẹrẹ̀ omíyalé rí kò lè mọ̀ ọ́n: omi sálańgá wà nínú rẹ̀, ó sì ń wọ ibi tí abẹ́rẹ́ ò lè wọ̀. Obìnrin yìí tú orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó rì í sínú ọpọ́n kẹrosíìnì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọ rẹ̀ ha ìdí bọ́bìnì, ó sá a sóòrùn, ó wá ta epo sí i. Ẹ̀rọ dúdú àtijọ́ yẹn dìde. Èyí tó ń lo iná mànàmáná, tó fi ń rán etí aṣọ kó má baà tú, kò dún mọ́ títí dòní.

Ti ẹ̀rọ gan-an ló kéré. Aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀: àǹkárá, léèsì, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan tó ti gé tí kò tíì rán. Ìlú aró ni Òṣogbo, a mọ bí aṣọ ṣe ń mu àwọ̀, ṣùgbọ́n kò sí aláró tó máa rẹ aṣọ sí irú àwọ̀ tí léèsì funfun yẹn gbà lọ́wọ́ ẹrẹ̀. Bó ṣe di pé ẹni tí omi ba dúkìá rẹ̀ jẹ́ tún di onígbèsè nìyẹn. Àwọn oníbàárà kan ní kó má ṣèyọnu. Àwọn kan dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń béèrè owó aṣọ, ilẹ̀ ò tíì gbẹ. N kò dá wọn lẹ́bi jù. Ẹlòmíì yáwó ra aṣọ ẹbí náà ni.

Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Àdúrà rere ni, a sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni agbè aránṣọ, ó sì fọ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń kọ orúkọ dé. Wọ́n ní, "Mọ̀mí, ṣé ẹ̀yin lẹ nilé?" Ó ní rárá, òun háyà ṣọ́ọ̀bù ni. Wọ́n bá kọ orúkọ onílé sílẹ̀, onílé tí kò tilẹ̀ gbé ìlú yìí. Nígbà tí fóòmù àti ìrẹsì dé, orúkọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tutù ni wọ́n pè.

Ìyá aláta kan ló kàn láti kó àjọ lóṣù yẹn. Òun ló ní kí wọ́n gbé e fún aránṣọ, kí òun gba ipò tirẹ̀ lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ wa ní kó dá gbèsè tó ń san dúró ná, a ò sì bu èlé lé e. Aránṣọ mìíràn ládùúgbò ń yá a ní ẹ̀rọ lálẹ́, lẹ́yìn tí òun bá ti ṣíwọ́. Bó ṣe dìde nìyẹn o.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi èyí kọrin fún wa pé aráàlú lágbára, pé a mọ ìyà á fara dà. Àjọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí omi bá wọ ilé ẹnì kan tàbí méjì. Tó bá wọlé gbogbo wa lóru ọjọ́ kan, ta ló fẹ́ dá a? Orí òkè ni ìsọ̀ ìyá aláta wà, ìdí nìyẹn tó fi lójú àánú àti owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Mokwa, ní Ìpínlẹ̀ Niger, ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025, omi pa ju 150 èèyàn lọ. Níbi tí omi bá ti gbá odidi àdúgbò lọ báyẹn, ẹni tó yẹ kó ṣàánú aládùúgbò rẹ̀ náà ti di ẹni à ń ṣàánú. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí owó ìta dé kíákíá.

Kì í sì í dé kíákíá. Àwa tá a dàgbà díẹ̀ ò tíì gbàgbé odò Ògùnpa tó pa ju 200 èèyàn lọ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya Ìbàdàn, ó tún pa ju 100 lọ. Ọdún 2014 ni Báǹkì Àgbáyé tó fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n máa fi dènà omíyalé níbẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n láàrin 2011 sí 2014, ta ló ń ra ẹ̀rọ fún ẹni tí omi gbé tirẹ̀ lọ?

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ta ló ní kí wọ́n lọ máa gbé etí odò? Ayálégbé kọ́ ló kọ́lé síbẹ̀, òun kọ́ ló sì fọwọ́ sí páláànù ilé. Ibi tí apá rẹ̀ ká owó ilé ló gbà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àjọ NEMA àti àwọn tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ wa ni pé kí wọ́n fi àyè ayálégbé sínú fọ́ọ̀mù wọn, kí wọ́n béèrè irinṣẹ́: ẹ̀rọ ìránṣọ, firísà, ẹ̀rọ ìlọta, ìkòkò aró. Kí wọ́n sì fowó ṣèrànwọ́. Ìrẹsì dára lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tí ẹrẹ̀ ṣì wà níbi ìdáná. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrẹsì ọ̀fẹ́ ń pa ọjà onírẹsì tí omi ti ba ìsọ̀ rẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ti kànga náà wà níbẹ̀ o: kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tètè gbé oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi wá, torí onígbáméjì kì í béèrè onílé.

Tí wọ́n bá ní àwọn ò mọ ẹni tí àwọn máa gbówó fún, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló forúkọ wa sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń yẹ ìwé wa wò. A mọ iye tí kálukú ń fi pamọ́, a mọ ẹni tí omi kàn, a sì mọ ẹni tó fẹ́ fi omi ẹlòmíì jẹun. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ náà ń kówó jẹ, àwọn kan ń kó o jẹ lóòótọ́. Àwọn tó ń pín ìrẹsì ńkọ́?)

A ti kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó háyà ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù létí odò sínú ìwé kan, pẹ̀lú iṣẹ́ wọn àti irinṣẹ́ tí wọ́n ní. Ọ́fíìsì tó bá fẹ́ rí i kí òjò tó le, nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ olóòtú.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìlú Aró,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.