Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì ní Manchester

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù Bélú, 2024.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o. Mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí Táyé àti Kẹ́hìndé. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé wọ́n ti gbé ọ lọ sí iṣẹ́ òru níbi tí o ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, àti pé o ò mọ èwo ni Ajé, èwo ni Ìṣẹ́gun mọ́. O ní ojoojúmọ́ lò ń sáré, síbẹ̀ nǹkan kan ò parí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀sẹ̀ tèmi náà ti dàrú láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún màámi.

Ṣé o rántí bí ọ̀sẹ̀ mi ṣe máa ń lọ? Ọjọ́ Ajé, mo wà ní Gbági, mò ń ra òwú, síìpù àti aṣọ inú. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, mò ń gé. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi á dojú kọ rírán, tó bá di Sátidé oníbàárà á wá gbé aṣọ wọn. Ní báyìí, màámi wà lọ́dọ̀ mi. Wọn ò gbọdọ̀ tẹrí ba, wọn ò gbọdọ̀ gbé nǹkan tó wúwo, omi ò sì gbọdọ̀ kan ojú náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ là ń kán oògùn sí i. Màá fọwọ́, wọ́n á gbórí sẹ́yìn, wọ́n á di apá àga mú gírígírí. Màá rọra fi ìka fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, àyè kékeré á là síbẹ̀ bí àpò ẹ̀wù, inú rẹ̀ ni ẹ̀kán kan ṣoṣo ń bọ́ sí. Wọ́n á ní, “Ó mà tutù o!” Wọ́n á dijú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí títí oògùn kejì á fi tó kán, torí a gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ kí èkejì má baà ṣan ti àkọ́kọ́ dànù.

Oògùn yìí gan-an ni mo fi tún ọjọ́ mi tò. Mi ò lé ọ̀sẹ̀ àtijọ́ kiri mọ́. Láàárín ti àárọ̀ sí ti ọ̀sán, mò ń gé aṣọ, torí gígé ló ń fẹ́ ọpọlọ tó jí pépé. Ibi tí àlùmọ́gàjí bá ti gbà kọjá, ó ti kọjá náà nìyẹn. Láàárín ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́, rírán. Lẹ́yìn ìyẹn, mo kó bọ́tìnì àti ẹsẹ̀ aṣọ sọ́dọ̀ màámi, a ó máa tàkúrọ̀sọ. Ìwọ náà, wákàtí tí àwọn ìbejì ń lọ sílé ìwé àti wákàtí tí wọ́n ń dé ò yí padà. Àárín rẹ̀ ni kí o fi oorun sí. Jọ̀wọ́, má fi wákàtí oorun fọ aṣọ. Aṣọ ìdọ̀tí á dúró dọ̀la; ẹni tí yóò gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lóru ò gbọdọ̀ máa tòògbé.

Oṣù Ọ̀pẹ ti dé tán, o sì mọ bí ó ṣe máa ń rí fún aránṣọ. Ariwo ẹnikẹ́ni kọ́ ni mò ń tẹ̀ lé, ọjọ́ tí wọn yóò wọ aṣọ ni mò ń wò. Aṣọ ẹbí ti Sátidé yìí ló ṣíwájú, torí ọjọ́ òde kì í yẹ̀. Ẹni tó ní “ìgbà tó bá ti yá,” mo pè é pé ó di oṣù Ṣẹ́rẹ́. Mo tètè pe gbogbo wọn. Ẹnì kan bínú gba aṣọ rẹ̀, àwọn yòókù ní kí n tọ́jú ìyá mi.

Ọ̀rọ̀ iná náà tún wà níbẹ̀. Àwa ò sí ní Band A, ìpele àwọn tí iléeṣẹ́ iná ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lóòjọ́. Bí iná bá ti dé, a ó pa ohun tó wà lọ́wọ́ tì, ó di áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ oníná tí a fi ń ká etí aṣọ. Rírán lè dúró, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ wà. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí aránṣọ tó ń fi ìwọ̀nba iná tó rí gán bọ́tìnì. Iná tìrẹ kì í lọ, ṣùgbọ́n báńkì, dókítà àti olùkọ́ àwọn ọmọ, ọ̀sán nìkan lo lè rí wọn. Ìwọ̀nba ọ̀sán tí o bá fi lajú, tiwọn ni. Ilé ṣeé gbá lálẹ́.

Láti 27 oṣù Ọ̀wàrà tí wọ́n ti dá aago padà lọ́dọ̀ yín, a ti fi wákàtí kan ṣíwájú yín. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí mo máa ń pè ọ́ ti di mẹ́jọ níbẹ̀, ìgbà tí o ń múra iṣẹ́. Jẹ́ ká sún un sí ọ̀sán Àìkú. Màámi ń kí ọ gan-an.

Ìró àti bùbá léèsì rẹ wà lára ti oṣù Ṣẹ́rẹ́. O ò dárúkọ ọjọ́ òde kankan fún mi, nítorí náà má retí rẹ̀ fún Kérésìmesì. Ẹnì kan ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín lẹ́yìn ọdún, màá fi rán an. Wọn àyà àti ìbàdí rẹ kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí n tó gé e, èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti pẹ́.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.