Lẹ́tà ìparí táàmù kejì sí àwọn òbí àti alágbàtọ́: ọ̀rọ̀ ìwé àwòrán àti ewì àwọn ọmọ wa

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ooru yìí o, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ. Táàmù kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ìwọlé àti owó ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ yín máa kọ́kọ́ fojú wá nínú lẹ́tà yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè mú un kúrò nílẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ ò yí padà fún táàmù kẹta. Ọjọ́ ìwọlé wà lára káàdì èsì tí ọmọ yín ń mú bọ̀ wálé. Ẹni tí kò bá ní lè tètè wá mú ọmọ lẹ́yìn àjáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wá. Ìyá tó ń ṣọ́ géètì wa náà nílé tí wọ́n ń lọ. Ó tán lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an ni ti ìwé àwòrán.

Láàárín táàmù yìí, bàbá ọmọ kan gbé ìwé kan wọ ọ́fíìsì mi. Práímárì Kejì ni ọmọ wọn wà. Wọ́n ṣí ìwé náà sórí tábìlì, ojú ewé kan rèé tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò ju ìlà mẹ́rin lọ, àwọ̀ ló gba gbogbo ìyókù. Wọ́n ní, "Mà, ṣé èyí náà la ń sanwó lé lórí? Ọmọ tó ti ń dá ìwé kà, ẹ tún wá ń fún un ní ìwé àwòrán." Wọn ò bínú, wọ́n kàn ń béèrè ni. Mo dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi ò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń tún un rò. Ohun tí mo rò náà nìyí, kí gbogbo yín bá wọn gbọ́ ọ.

Ashley Bryan lorúkọ ẹni tó ṣe ìwé náà. Aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni. Láti erékùṣù Antigua làwọn òbí rẹ̀ ti wá sí New York. Àdúgbò Harlem níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1923, àdúgbò Bronx ló sì dàgbà sí. Ẹni ọdún 98 ni nígbà tó dágbére fáyé lóṣù Kejì ọdún 2022. Ẹnì kan tó ti kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ wa tẹ́lẹ̀, tó wá ń gbé ní Amẹ́ríkà, ló fi páálí kan ránṣẹ́ sí wa lẹ́yìn Kérésì, ìwé rẹ̀ mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀. Kí n má purọ́, n kò gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà rí kí páálí yẹn tó dé.

Ìtàn ìwé tó kọ́kọ́ ṣe láyé rẹ̀ ló dá mi dúró. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni nígbà náà. Bí tíṣà ti ń kọ́ wọn ní A, B, C, àwòrán kan ni wọ́n ń yà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé orí Z, wọ́n kó gbogbo ojú ewé náà jọ, wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an pọ̀. Tíṣà wá sọ fún un pé òun ló kọ ìwé náà, òun ló ya àwòrán inú rẹ̀, òun ló sì dì í. Kó máa gbé e lọ sílé, òun náà ni yóò fi lé àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ó gbé e délé. Bàbá, ìyá, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, wọ́n rọ́ mọ́ ọn, wọ́n ń yìn ín. Nígbà tó dàgbà, ó máa ń sọ pé ìyìn ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kóun tún ṣe òmíràn, tóun sì tún ṣe òmíràn. Ìwé ló fi ń ṣe ẹ̀bùn fún tẹbí tọ̀rẹ́. Iṣẹ́ títẹ káàdì sì ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, bébà ò wọ́n wọn nílé.

Kò kúkú rọrùn fún un lẹ́yìn náà. Nígbà tó parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan wo àwọn àwòrán rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n sì tún sọ fún un pé òfò ni káwọn náwó ẹ̀kọ́ lórí aláwọ̀ dúdú. Àwọn tíṣà rẹ̀ ní kó lọ ṣe ìdánwò Cooper Union, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní New York, níbi tí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ yẹ̀ wò kì í ti í rí ojú ẹni tó ṣe é. Ó wọlé. Wọ́n mú un lọ sí Ogun Àgbáyé Kejì lọ́dún 1943, ó wà lára àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó gúnlẹ̀ sí Normandy nílẹ̀ Faransé, inú àpò ìbòjú tí wọ́n fi ń dènà gáàsì olóró ló ń tọ́jú bébà àwòrán rẹ̀ sí. Ó ti lé lógójì ọdún kí àwòrán rẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ọmọdé lọ́dún 1967. Ewì Tagore, akéwì ará Íńdíà, ló yà wọ́n fún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀bùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ara wọn, pàápàá Coretta Scott King, ẹ̀bùn tí wọ́n fi orúkọ ìyàwó Martin Luther King sọ, tí àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé Amẹ́ríkà máa ń fún àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán aláwọ̀ dúdú. Ó gbà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìwé tí bàbá ọmọ yẹn gbé wá ni *Beautiful Blackbird*, tó jáde lọ́dún 2003, tó sì gba ẹ̀bùn náà lọ́dún 2004. Ìtàn àwọn ẹ̀yà Ila ní Zambia ni (kì í ṣe Ìlá Ọ̀ràngún o). Láyé ọjọ́un, gbogbo ẹyẹ ló láwọ̀, pupa, yẹ́lò, búlúù, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí dúdú wà lára rẹ̀, àfi ẹyẹ kan ṣoṣo. Àdàbà bi wọ́n pé ta ló rẹwà jù láàárín wọn, gbogbo wọn ní ẹyẹ dúdú ni. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó fi díẹ̀ sí àwọn lára. Ó po dúdú sínú igbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí wọn lára lọ́kọ̀ọ̀kan, àdàbà ló sì kọ́kọ́ fà á yí ọrùn ká. Ó kìlọ̀ fún wọn pé àwọ̀ tó wà lára ò sọ ohun tó wà nínú èèyàn.

Tíṣà Práímárì Kìíní ka èyí fún wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, nígbà eré, àwọn mẹ́ta sáré wá sí ọ́fíìsì mi: "Mà, ẹ wá wò ó! Ó wà lọ́rùn ẹ̀ lóòótọ́!" Mo tẹ̀lé wọn jáde. Àdàbà méjì bà lórí fẹ́ǹsì, okùn dúdú náà rèé lẹ́yìn ọrùn wọn gbagada. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì yẹn kọjá láràárọ̀. Mo máa ń gbọ́ ohùn àdàbà, mo sì mọ ohun tí wọ́n ní ó ń sọ, ṣùgbọ́n n kò wo ọrùn rẹ̀ rí.

Bàbá ọmọ, ìdáhùn tí mo ń wá lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Gbogbo àwòrán inú ìwé náà, bébà aláràbarà ló gé, tó lẹ̀ mọ́ra. Kò fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Àlùmọ́gàjí tí ìyá rẹ̀ fi ń ránṣọ ló sì fi gé e, ó tiẹ̀ fi àwòrán àlùmọ́gàjí náà sínú ìwé. Nígbà tí mo rí i, ẹ̀rín pa mí. Ọmọ télọ̀ ni mí. Gbogbo ọmọ télọ̀ tó bá ń ka lẹ́tà yìí ló mọ ohun tó máa ń gbẹ̀yìn ẹni tó bá fi àlùmọ́gàjí ìyá rẹ̀ gé bébà. "Kò ní mú mọ́! Ṣé bébà ni wọ́n fi ń gé ni?" Ìfọ́tí á sì tẹ̀lé e. Mo wá ń ronú pé ó ṣeé ṣe kí ìyá Ashley Bryan náà ti pariwo lé e lórí nígbà kan rí.

Ọ̀pọ̀ ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà tó fi ṣe ìwé, inú ìwé àwọn òyìnbó míṣánnárì àtàwọn onímọ̀ tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ ló ti rí i. Egungun gbígbẹ ni wọ́n bá a nílẹ̀: ìjàpá ṣe báyìí, ó lọ, ó bọ̀, ó parí. Ohun tó ṣe ni pé ó fi ewì sí i lára, ìró, àwítúnwí, ọ̀rọ̀ tó ń dún bí ìlù, títí tí ìtàn náà tún fi ní ohùn. Tó bá sì ń ka ewì fún èrò, kì í dá a kà. Á sọ ìlà kan, gbogbo ilé á gbè é. Tàgbà tèwe ló máa ń mú gbè.

Ta ni èyí ṣàjèjì sí nínú wa? "Àlọ́ o!" "Àlọ̀!" Ìgbà tí iná ò sí, tí gbogbo wa jókòó sí fàráǹdà, ẹni tí kò bá gbe orin ìjàpá, wọ́n á ní kó lọ sùn. Ní táàmù yìí, mo dá orin àlọ́ kan ní àpéjọ òwúrọ̀, mo dúró de ègbè. Àwọn tíṣà ló gbè é. Àwọn ọmọ ń wò wá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa béèrè pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé wọ̀nyí, tiwa ńkọ́? Ìbéèrè tó dáa ni. Ewì Gẹ̀ẹ́sì wà nínú páálí náà, *Sing to the Sun* ti ọdún 1992, tó jẹ́ pé òun ló kọ ewì ibẹ̀ tó sì ya àwòrán rẹ̀, àti ìwé A, B, C mìíràn ti ọdún 1997 tó fi ewì àwọn akéwì aláwọ̀ dúdú ṣe. Ṣùgbọ́n tíṣà Yorùbá wa ò dúró de páálí kankan. Wọ́n mú ewì J. F. Ọdúnjọ lórí iṣẹ́, èyí tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lórí nínú wa, wọ́n ní kí àwọn Práímárì Kẹta ya ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí bàbá ti lẹ́ṣin léèkàn, ọmọ kan ya ọ̀kadà tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ géètì. Kò rí ẹṣin lórí ìso rí, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ èèkàn. Ọdún mélòó ni ọmọ yẹn ìbá fi máa ké ewì náà láìsí ẹni tó máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ò yé e? Àwòrán ló tú u fó. Tíṣà gé igi, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n so okùn mọ́ ọn. Ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má kọsẹ̀.

Ìwé kan wà tí a kò ní fún àwọn kékeré. *Freedom Over Me*, ọdún 2016. Ìwé ìdíyelé dúkìá kan tí wọ́n kọ lọ́dún 1828 ni Ashley Bryan rí, tí wọ́n ti to ẹrú 11 mọ́ màlúù àti òwú, tí wọ́n sì kọ iye owó síwájú orúkọ wọn. Ó ya ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó fi ewì fún wọn lóhùn, ó jẹ́ kí wọ́n sọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé, iṣẹ́ ọwọ́ wọn àti ohun tí wọ́n ń lálàá rẹ̀. Práímárì Karùn-ún àti Ìkẹfà la máa kà á fún, tíṣà á sì wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá fi ìbéèrè dé ilé nípa òwò ẹrú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lé e dànù.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún rèé. Ní táàmù kẹta, gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí ló máa ṣe ìwé tirẹ̀. Àwọn jẹ́lé-ó-sinmi títí dé Práímárì Kejì á ya A, B, D, lẹ́tà Yorùbá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ojú ewé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà á ṣe ìwé ewì, oríkì wọn ló sì máa ṣáájú nínú rẹ̀. Nítorí náà, láàárín ìsinmi yìí, ẹ kọ́ ọmọ yín ní oríkì rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ pe ìyá àgbà lórí fóònù. Kò pọn dandan kí ẹni tó mọ oríkì mọ̀wé.

Ẹ má ra nǹkan kan. Páálí, kàlẹ́ńdà àtijọ́, èékù aṣọ láti ọ̀dọ̀ télọ̀, ìdérí ìgò, ṣùkù àgbàdo, abẹ́rẹ́ àti òwú, ó tó. Erékùṣù kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà ni Ashley Bryan gbé títí ó fi darúgbó, etí òkun ló ti ń ṣa egungun, igi tí omi gbé jáde àti àjákù àwọ̀n, ó ń fi wọ́n ṣe ọmọlangidi. Ó kọ ewì fún wọn, ó sì kó wọn sínú ìwé lọ́dún 2014. Àwa ò lókun ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n a ò wá ààtàn tì.

Nígbà tí ìwé náà bá délé, ẹ jókòó, kí ọmọ ka á sókè, kí ẹ máa gbè é. Ẹ má béèrè máàkì. Ẹ má tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ fi àmì ohùn sílẹ̀ fún wa, iṣẹ́ wa ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìwé márùn-ún yòókù wà ní ilé ìkàwé wa, ọmọ lè yá ọ̀kan mọ́jú. Bí ó bá ya, ẹ má nà án. Ẹ kó àjákù rẹ̀ wá, a máa lẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan ti bọ̀ tòun ti epo pupa lójú ewé kẹsàn-án. A mọ ilé tó ti wá, a sì mọ̀ pé ọ̀bẹ̀ náà dùn.

Bàbá tó wá sí ọ́fíìsì mi, Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wọn wà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé àpò méjì gígé bébà wá, funfun, pupa, àti búlúù kan tí mo ti ń fojú sí. Wọ́n ní òmíràn wà. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ẹ má da tiyín nù. Ẹ kó o wá kí òjò tó máa rọ̀ dáadáa, nítorí ẹ̀yìn ọ́fíìsì mi la ń tò ó sí, òrùlé ibẹ̀ sì ń jò.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Ilé Ẹ̀kọ́