Iṣẹ́ abọ́ fífọ̀ ni Sidney Poitier fi bẹ̀rẹ̀

Sí Olóòtú,

Nínú ohun tí ẹ kọ nípa Sidney Poitier, òṣèré sinimá Amẹ́ríkà nì, ẹ̀bùn Oscar tí ó gbà ní 1964 gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ti olú òṣèrékùnrin ni ẹ tẹnu mọ́ jù. Àgbẹ̀ tòmátò ní erékùṣù Cat Island, ní Bahamas, ni àwọn òbí rẹ̀; ìrìn àjò ọjà ni wọ́n bá dé Miami ní 1927 tí ìyá rẹ̀ fi bí i níbẹ̀ láìpé oṣù. Nígbà tí ó dàgbà tí ó dé New York, abọ́ ni ó ń fọ̀ nílé oúnjẹ, kò sì mọ ìwé kà dáadáa, nítorí náà nígbà tí ó lọ dán ara rẹ̀ wò ní American Negro Theatre, ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé ti àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n lé e jáde, wọ́n ní ohùn erékùṣù ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá ti padà sílé. Rédíò ni òun ń tẹ́tí sí láti fi tún ahọ́n rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni agbáwo kan níbi iṣẹ́ rẹ̀, bàbá àgbàlagbà tó jẹ́ Júù, ń jókòó tì í ní alaalẹ́, tí ó ń fi ìwé ìròyìn kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Ìwé ìròyìn ni o, ẹ̀yin olóòtú! Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.