Orúkọ ta ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀?

Àjàní ọmọ mi,

Oṣù méjì rèé tí mi ò gbóhùn ẹ. Màmá ẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú. Owó òrùlé ilé ìdáná tí o ṣèlérí kò tíì dé, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú mi kọ̀wé.

Ẹnì kan ní Bẹẹrẹ tí ọmọ rẹ̀ wà pẹ̀lú yín ní High Wycombe, ní England lọ́hùn-ún, sọ fún mi pé orúkọ ẹlòmíràn lo fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní ìwé ẹ ti parí, o wá yá ti ẹnì kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àjàní, orúkọ ta ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀?

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣì wà lórí fóònù mi. Wọ́n to àga lórí àga sójú títì bí òṣùmàrè, kí Ọbabìnrin Victoria lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ní 1877. Mo bi ọ́ pé ta ló ṣe gbogbo àga yìí. O ṣì máa ń dáhùn nígbà yẹn. O ní láyé àtijọ́, inú igbó ni àwọn tí wọ́n ń pè ní bodger wà, wọ́n á la igi beech tútù, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ pákó nísàlẹ̀, okùn á yí igi náà, ọ̀pá gígùn tó rọ̀ lókè á tún fa okùn padà, wọ́n á máa fi irin ẹnu mímú bó o. Ẹsẹ̀ àga àti igi ìdábùú tó so ẹsẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ niṣẹ́ wọn mọ. Ẹlòmíràn nílùú ló ń gbẹ́ ìjókòó lára igi elm, ẹlòmíràn ló ń tò ó pọ̀.

Mo fi yín rẹ́rìn-ín. Káfíńtà tí kì í ṣe àga tán! Ní Bódìjà níbí, èmi ni mo ń ra pákó, èmi ni mo ń rẹ́ ẹ, èmi náà ni mo ń kun fánísì. Ẹ̀rín yẹn ti wọ̀ mí lára báyìí. Bí wọ́n bá tiẹ̀ tẹ orúkọ sára àga, kì í ṣe ti ẹni tó jókòó sínú igbó.

Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kí o máa jẹ́ orúkọ olórúkọ? Ṣé o ti jẹun?

O rántí bọ̀ọ̀dá tó ń bá mi ṣiṣẹ́ nígbà tí o wà ní pírámárì? Àga ìrókò olóyè tí gbogbo àdúgbò fi yìn mí, tí apá rẹ̀ ká bí ìwo àgbò, òun ló gbẹ́ ẹ. Mo ní èmi ni. Mo gbowó, mo já díẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò, ẹ̀yìn mi ló dúró sí, ó mú òòlù dání, kò sọ nǹkan kan. Mi ò mọ ibi tó wà mọ́. Màmá ẹ kò gbọ́ ọ rí.

Pè mí lálẹ́ Sátidé. Màá bínú, pè mí bẹ́ẹ̀ náà. Kí n tó sọ̀rọ̀, kọ́kọ́ dárúkọ ara ẹ.

Bàbá ẹ