Ìdí Ohùn Ni Kí Ẹni Tuntun Ti Bẹ̀rẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yọ̀ọ̀da ara wọn fún iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n agbègbè la fẹ́ bá yín sọ, àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbà wọ́n. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, iwájú kámẹ́rà tàbí ìdí kámẹ́rà ló máa ń fẹ́ wà. Ilé-iṣẹ́ náà, torí kò fẹ́ kó pẹ̀yìn dà, á gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A rí i pé àṣìṣe nìyẹn. Ìdí ohùn, ìyẹn iṣẹ́ máíìkì àti gbígba ohùn, ló yẹ kí ẹni tuntun ti bẹ̀rẹ̀.

Àwòrán tó ṣú díẹ̀, olùwò á fara dà á. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń ya, tàbí tó ń dún bí ẹni pé inú kànga ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, kì í pẹ́ tí èèyàn fi ń yí ìkànnì. Bí kámẹ́rà kan bá sì bàjẹ́ nínú mẹ́ta, ètò á fi méjì lọ. Bí ohùn bá lọ, ètò ti parí.

Ẹ jẹ́ ká mú máíìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ. Àárín àyà ni àyè rẹ̀, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sísàlẹ̀ àgbọ̀n. Bó bá sún mọ́ ọrùn jù, àgbọ̀n á bo ohùn mọ́lẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ariwo yàrá á pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Bí olóòtú ètò bá jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún àlejò, apá ọ̀tún aṣọ ni kí ẹ há a sí, torí ibẹ̀ lẹnu rẹ̀ máa kọjú sí. Ẹ fi wáyà rẹ̀ ṣe òrùka kékeré kan lábẹ́ aṣọ, kí ẹ fi téèpù mú un, kí ó má baà jẹ́ pé orí máíìkì ni gbogbo fífà ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí àlejò gbé ọwọ́ sókè, kó yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹ sì fetí sí i bóyá aṣọ tàbí ẹ̀gbà ọrùn ń ha máíìkì. Bó bá jẹ́ aláìníwáyà ni, bátìrì tuntun ni kó wọ inú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Èyí tí ẹ lò lánàá lè kú mọ́ àlejò lẹ́nu.

Bí máíìkì kan kò bá mú ohùn rárá, ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Irú kan wà tó ń gba iná fólítì 48 látinú míkísà, ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀, kó tó lè ṣiṣẹ́. Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ 48V sí lára ni. Ẹ kọ́kọ́ fa ohùn wálẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí ó máa ń dún gbàù, ẹni tó fi hẹ́ẹ̀dìfóònù sétí ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀.

Níbi ìwọ̀n ohùn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Lórí ẹ̀rọ òde òní, dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ohùn, 0 sì ni òrùlé. Ohùn tó bá kan án ti fọ́, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà bó ṣe yẹ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lásán máa rìn ní nǹkan bíi −20 dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì, kí ibi tó bá ga jù nínú rẹ̀ má kọjá −12. Àlàfo tó kù yẹn, ti ẹ̀rín ni, àti ti ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ká àlejò lára tó gbóhùn sókè. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé bí ẹ bá ń dán ohùn wò, ẹ má ní kí àlejò ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ohùn jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn fi ń kà á. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń dùn ún jù nínú ọ̀rọ̀ tó wá sọ; ohùn tó máa lò gan-an lẹ ó gbọ́ yẹn. Nígbà tí ẹ bá gé ètò tán, kí gbogbo ètò ilé-iṣẹ́ yín jọ wà lórí ìwọ̀n kan, kí olùwò má baà di rìmóòtù mú látòru dòwúrọ̀. Ní Yúróòpù, −23 LUFS (òṣùwọ̀n bí ohùn odindi ètò ṣe ròkè tó) ni àdéhùn láti 2010. −24 ni ti Amẹ́ríkà.

Bó bá jẹ́ ilé onílé lẹ ti ń gba ohùn, ẹ pa fáànù, ẹ pa amúlétutù, ẹ tọrọ àyè kí ẹ pa fíríìjì. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín ni kí ẹ fi sínú fíríìjì náà. Ẹ ò ní lè lọ láìtàn án padà. Kí ẹ tó kó ẹrù, kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá yẹn sílẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, òun sì ni ẹni tó ń gé fídíò máa fi dí ibi tó bá ti yọ ọ̀rọ̀ kúrò.

Wáyà ló ń bàjẹ́ jù ní ilé-iṣẹ́ tó kún fún olùyọ̀ọ̀da, kíká tí wọ́n ń ká a mọ́ ìgúnpá ló sì fà á. Ó ń lọ́ bàbà inú rẹ̀ títí tó fi máa já díẹ̀díẹ̀. Wáyà náà á wá máa sọ̀rọ̀, á máa dákẹ́, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti bàjẹ́. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ká a, òrùka kan sókè, èyí tó tẹ̀ lé e sábẹ́, kí ó lè tú láìlọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wáyà máíìkì àti ti iná sùn tira wọn, kí ó má baà máa kùn. Bí wọ́n bá ní láti pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn.

Ti kámẹ́rà kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ẹ máa yàn lórí kámẹ́rà, ní kẹ́lífínì: 3200 fún gílóòbù olóoru, 5600 fún oòrùn. Níbi tí iná ìjọba bá jẹ́ 50 Hz (iye ìgbà tó ń yí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), ẹ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà máa ṣí fún 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá kí àwòrán má baà máa ṣẹ́jú. Níbi tó bá jẹ́ 60, ẹ lo 1/60. Fídíò tó ń gba mẹ́gábíìtì 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ń jẹ gígábáìtì 22.5 ní wákàtí kan, nítorí náà káàdì gígábáìtì 64 kò ní pé wákàtí mẹ́ta. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí káàdì àfi tí ẹ̀dà méjì bá ti wà níbi méjì, tí ẹ sì ti ṣí wọn, tí ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin. Orúkọ fáìlì lè hàn lójú kọ̀ǹpútà kó má sì ṣí.

Àwọn kan á ní ẹni tuntun á sá lọ bí a kò bá fún un ní kámẹ́rà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin 1984 ti jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ lè gba ìkànnì fún ará ìlú lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kébù tó ń fi wáyà gbé tẹlifíṣọ̀n délé, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ kì í yá ẹnikẹ́ni ní kámẹ́rà kó tó gba ẹ̀kọ́, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń wá. Ẹni tó bá sì ti fi hẹ́ẹ̀dìfóònù sétí fún ètò mẹ́rin márùn-ún ti ń gbọ́ àlejò, olóòtú ètò àti olùdarí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti mọ ìgbà tí ìbéèrè pé, ó mọ ìgbà tí ìdáhùn ń sú ni. Bó bá dé ìdí kámẹ́rà, kò ní dúró kí wọ́n pè é kó tó mọ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Owó rẹ̀ kò pọ̀. Kí ilé-iṣẹ́ wá hẹ́ẹ̀dìfóònù kejì tó bo etí pátápátá, pẹ̀lú wáyà kékeré tó ń pín ohùn sí méjì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó ti ọ̀gá kó máa gbọ́ ohun tí ọ̀gá ń gbọ́, láti ètò tó ń bọ̀ yìí lọ.

Àwa tí à ń kọ́ àwọn olùyọ̀ọ̀da ní iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n agbègbè